Aṣojú Olùrà: Iṣẹ́ Wo Ló Ń Ṣe Bí Ẹ Bá Ń Ra Ilé Tuntun ní Amẹ́ríkà?

Ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas àtàwọn ìlú tó yí i ká, Katy, Richmond, Missouri City, Pearland, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ra ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé rí kò kéré. Bó ṣe sábà ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: tọkọtaya kan ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n rí pátákó ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé tà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì yà síbẹ̀ láti wòran. Obìnrin kan tó múra dáadáa pàdé wọn ní ilé àfihàn, ó fún wọn ní omi tútù, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Wọn ò mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n kọ yẹn lè mú kó ṣòro fún wọn láti ní aṣojú tiwọn.

Aṣojú olùrà, tí wọ́n ń pè ní buyer's agent lọ́hùn-ún, ni ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìjọba láti máa bá èèyàn ra ilé, tí òfin sì dè é pé ire ẹni tó ń rà ni kó máa wá. Obìnrin inú ilé àfihàn kì í ṣe aṣojú olùrà. Òṣìṣẹ́ ẹni tó ń tà ni. Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí, ó lè dáhùn gbogbo ìbéèrè yín láìpurọ́, síbẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹ bá jẹ́ kó mọ̀ pé agbára yín ká 400,000 dọ́là, tàbí pé oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ kó kúrò nílé tí ẹ háyà, ẹni tó ń tà ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kíkọ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ló ní ìlànà pé aṣojú gbọ́dọ̀ bá oníbàárà rẹ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tàbí kó ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú. Bí ẹ bá dá lọ, tí ẹ wá mú aṣojú wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n lè sọ pé àwọn ò ní san làádà fún un. Àwọn kan tilẹ̀ ń ka fọ́ọ̀mù tí ẹ kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ìbẹ̀wò àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti dá lọ, tí ẹ ò sì tíì fọwọ́ síwèé, ẹ bẹ ọ̀gá ibẹ̀ pé kó jẹ́ kí aṣojú yín wọlé, kí ẹ gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń gbà.

Ta ló ń san owó aṣojú? Tó bá jẹ́ ilé tuntun, ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ ló sábà ń san án, ìdá 2 sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé ló sì wọ́pọ̀. Èyí ò sọ aṣojú náà di tiwọn. Ìwé tí ẹ̀yin àti òun jọ tọwọ́ bọ̀ ló ń sọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, lẹ́yìn ẹjọ́ tí wọ́n pe National Association of Realtors, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn aṣojú ilé ní Amẹ́ríkà, tí ẹgbẹ́ náà sì gbà láti san 418 mílíọ̀nù dọ́là, àwọn aṣojú tó wà lábẹ́ ìlànà ẹgbẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bá olùrà ṣe àdéhùn ní kíkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó mú un lọ wo ilé. Iye làádà gbọ́dọ̀ hàn kedere nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ká ní ìwé yín sọ pé ìdá 3, ilé-iṣẹ́ sì ní ìdá 2 lòun máa san. Lórí ilé 400,000 dọ́là, 4,000 dọ́là ló ṣẹ́ kù, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san án. Iye yẹn ṣeé ná. Ẹ ná an kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì wo iye oṣù tí ìwé náà máa fi dè yín.

Àwọn kan rò pé bí àwọn ò bá mú aṣojú dání, wọ́n á yọ owó làádà kúrò lórí ilé fáwọn. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ka owó yẹn mọ́ ìnáwó ọjà títà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí iye tí wọ́n ta ilé kan já wálẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, torí òun ni àwọn tó ń díwọ̀n ilé fún báńkì máa fi díwọ̀n àwọn ilé tó kù ládùúgbò. Ohun tí wọ́n máa ń gbà láti ṣe ni kí wọ́n bá yín san lára owó tí ẹ máa san lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n dín èlé owó tí ẹ yá ra ilé kù, kí wọ́n fi fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ kún un. Aṣojú tó mọṣẹ́ mọ èyí tó yẹ kó béèrè. Ó mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti kọ́ tán tí kò sẹ́ni tó tíì rà á ṣeé ná ju èyí tí wọn ò tíì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ.

Ẹ̀bùn yìí sábà wà fún ẹni tó bá yáwó lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tiwọn. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé tà, D.R. Horton ní ilé-iṣẹ́ ayánilówó tó ń jẹ́ DHI Mortgage, Lennar ní Lennar Mortgage. Wọn ò lè fipá mú yín lọ síbẹ̀, wọ́n kàn lè sọ pé ẹni tí kò bá lọ kò ní rí ẹ̀bùn gbà. Ẹ gba Loan Estimate, ìwé tó ń fi èlé àti iye tí ẹ máa san lórí owó tí ẹ fẹ́ yá hàn, lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ báńkì mìíràn, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Òfin ní kí wọ́n fún yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè owó. Bí èlé tí wọ́n polówó bá kéré jù, ẹ béèrè bóyá bó ṣe máa rí títí nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2-1 buydown ń fi ìdá 2 dín èlé lọ́dún kìíní, ìdá 1 lọ́dún kejì. Lọ́dún kẹta, gbogbo rẹ̀ á padà dé. Ìdílé tó ṣètò ìnáwó rẹ̀ sórí iye ọdún kìíní máa jìyà, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ní Texas, owó orí ilé náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ síni: bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó ọdún yẹn á kéré, ti ọdún tó tẹ̀ lé e á sì fò sókè.

Ìwé àdéhùn ilé tuntun máa ń gùn, lóyà ilé-iṣẹ́ ló sì máa ń kọ ọ́. Ó wọ́pọ̀ kó wà níbẹ̀ pé àsansílẹ̀ yín kò ní padà, pé ọjọ́ tí ilé máa parí lè sún síwájú, pé bí ìjà bá dé, ẹ ò ní lọ sílé ẹjọ́, iwájú onílàjà lẹ máa lọ. Aṣojú á tọ́ka sí ibi tó yẹ kí ẹ wò, àmọ́ kì í ṣe lóyà. Bí ohun kan nínú ìwé bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ sanwó fún lóyà kó kà á.

Ilé tuntun náà sì máa ń lábùkù. Àwọn tí ìjọba ìlú ń rán wá ń wò bóyá ilé bá òfin mu ni, wọn kì í wo bí iṣẹ́ ṣe dán mọ́rán tó. Ẹ gba olùyẹ̀wò tiyín kó wo ilé kí wọ́n tó bo wáyà àti páìpù mọ́nú ògiri, kó tún wò ó kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, kó padà wá lóṣù kọkànlá lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ilé. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdúró tí ilé-iṣẹ́ sábà ń ṣe fún ilé, ìyẹn àdéhùn pé àwọn máa tún àbùkù ṣe, jẹ́ ọdún 1 fún iṣẹ́ ọwọ́, ọdún 2 fún iná, omi àti ẹ̀rọ amúlétutù, ọdún 10 fún ìpìlẹ̀ àti egungun ilé. Ilẹ̀ Houston jẹ́ amọ̀ tó ń wú bí òjò bá rọ̀, tó sì ń súnkì nígbà ọ̀dá, nítorí náà ẹ má fojú kéré ìlà tó bá là lára ògiri. Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó kọjá.

Ẹni wo ni kí ẹ wá mú? Ọ̀pọ̀ wa ń mú ará ìjọ tàbí ọmọ ìlú ẹni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì Texas Real Estate Commission, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn aṣojú ní ìwé àṣẹ, láti mọ̀ bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi í bóyá ó ti bá ẹnikẹ́ni ra ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ rí, yàtọ̀ sí ilé àlòkù. Ẹ bi í bóyá ó máa wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí olùyẹ̀wò bá ń wo ilé, ẹ sì ní kó kọ ọ́ sínú àdéhùn.