Awọ tí dókítà gé kúrò lára yín kò tíì kú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí wọ́n bá ti fi abẹ gé awọ kúrò lára, ó ti di òkú ẹran lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ tí wọ́n gé ní tíátà láàárọ̀ ṣì wà láàyè lálẹ́ ọjọ́ náà, bí a bá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn ní yàrá ìwádìí kan lápá Ìdí-Àràbà. Mo ń kọ èyí nítorí pé ẹnikẹ́ni nínú yín ni wọ́n lè bi ní ọsibítù lọ́la pé ṣé ẹ máa yọ̀ǹda awọ yín fún ìwádìí, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí.

Awọ tí à ń lò jẹ́ èyí tí iṣẹ́ abẹ ti fẹ́ gé dànù tẹ́lẹ̀: awọ ikùn tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń dín ọ̀rá kù, awọ ọyàn tí wọ́n dín kù, adọ̀dọ́ tí wọ́n dá fún ọmọkùnrin. Èyí tó ká mi lára jù ni kẹ́lọ́ìdì, àpá tó ń wú, tó ń kọjá ojú ọgbẹ́ tó bí i. Kò sí àdúgbò kan l'Ékòó tí ẹ ò ti ní rí i: létí ọmọbìnrin tó lu etí, lágbọ̀n ọkùnrin tó fá irùngbọ̀n, láyà ẹni tí èéwo lásán yọ sí lára. Bí wọ́n bá gé e nìkan láìfi ìtọ́jú mìíràn kún un, ó sábà máa ń padà wá, nígbà mìíràn ó máa ń tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ènìyàn dúdú ló sì ń bá jà jù. Eku inú yàrá ìwádìí kì í ní in bí ènìyàn ṣe ń ní in, nítorí náà a ò lè fi eku kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àfi kí a rí ti ènìyàn, kó sì wà láàyè lọ́wọ́ wa.

Ibi tí awọ ti sábà máa ń kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni ojú ọ̀nà, kódà kó tó kúrò ní tíátà. Àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ́ ọn lára láti ju ohunkóhun tí wọ́n bá gé sínú fọ́málíìnì, torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yẹ àrùn wò ṣe fẹ́ ẹ. Fọ́málíìnì kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ṣùgbọ́n gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín alààyè tí ara fi di ara, ló ń pa. Èyí tó bá ti kàn án kò wúlò fún wa mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá dì. Tí omi inú sẹ́ẹ̀lì bá di yìnyín, yóò fa ara sẹ́ẹ̀lì ya. Ohun tí a fẹ́ ni ìgò mímọ́ tí omi aṣaralóore wà nínú rẹ̀, kó tutù ní nǹkan bíi 4°C, kó má sì dì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kúlà láti Erékùṣù Èkó wá sí Ìdí-Àràbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fi aṣọ wé yìnyín náà, kí ìgò má ṣe fara kàn án.

Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, a máa ń wọ ìbọ̀wọ́, a ó sì ṣe é bí ẹni pé àrùn wà nínú rẹ̀, ti ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́. A ó bó ọ̀rá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, torí pé ọ̀rá kì í jẹ́ kí oúnjẹ dé inú awọ. A ó fi omi tí pẹnisílínì àti streptomycin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, àti oògùn tó ń pa irú nǹkan tó ń hù lórí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀ ṣan án. Lẹ́yìn náà la ó gé e ní róbótó róbótó, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju mílímítà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lọ.

Bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. A kì í rì í sínú omi. Orí awẹ́ tín-ín-rín oníhò wẹẹrẹ la ń gbé e lé, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan omi, kí òkè rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó dúró sínú omi tó mọ ọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ṣe ń gbé lára wa. Ìpele òkè kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan, láti ìsàlẹ̀ ni oúnjẹ ti ń gòkè wá bá a. Tí a bá rì í mọ́lẹ̀ pátápátá, ìpele òkè yẹn kò ní le bó ṣe yẹ.

Ṣúgà, iyọ̀, fítámì àtàwọn èròjà tí ara fi ń kọ́ purotéènì ló wà nínú omi náà, pẹ̀lú aró pupa kan. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹun ni ìdọ̀tí wọn ń sọ omi di kíkan, aró náà á sì máa di òféèfèé títí tí yóò fi dà bí omi ọsàn. Ìgbà yẹn ti pẹ́ jù. Nítorí náà, à ń pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì-méjì. Inú ínkúbétọ̀, àpótí tó ń pa ooru mọ́ síbi kan náà, ni awọ náà ń gbé, ní 37°C, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ń dá kíkan omi náà dúró síbi tó yẹ.

Iná, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ínfátà gbọ́dọ̀ gbé ínkúbétọ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbéra. Tí iná bá lọ, a kì í ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò, torí ooru àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni yóò sá jáde, aró omi á wá yí sí àwọ̀ elésè àlùkò.

Ojú lásán kò lè sọ bóyá awọ ṣì wà láàyè. Èròjà pupa rúsúrúsú kan wà tí a ń pè ní MTT, tí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ń sọ di àlùkò, òkú sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe é. A tún máa ń gé awọ náà pẹlẹbẹ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Tí ìpele òkè bá ti ń ṣí kúrò lára ìpele ìsàlẹ̀, ó ti ń kú lọ.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú awọ yìí, kò sí ẹ̀dọ̀ tí yóò fọ oògùn. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú abọ́ wa kò tíì di oògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta kíríìmù fún yín ní Balógun, tó ní wọ́n ti dán an wò lórí awọ ènìyàn, ìyẹn nìkan kò tó.

Ìyá kan bi mí rí pé, “Ọmọ mi, ṣé ẹ ò ní fi ṣe nǹkan míì?” Mo mọ ohun tó ń bẹ̀rù, mi ò sì bínú. Mo ní, “Màmá, ohun tó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nìkan la lè fi ṣe. Nọ́ńbà la kọ sára ìgò, kì í ṣe orúkọ yín. Tí a bá parí, a ó sun èyí tó kù.” Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ní 1951, ní ọsibítù Johns Hopkins ní Baltimore, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lára Henrietta Lacks, obìnrin dúdú, láìbi í. Wọ́n ṣì ń lo àwọn sẹ́ẹ̀lì náà káàkiri ayé títí dòní, ó sì lé ní ogún ọdún kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ètò ìlera ti 2014 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹ̀yà ara alààyè láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀.

Torí náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àti iye ìgbà tí wọn yóò fi pa á mọ́. Ẹ béèrè bóyá àwọn tó ń yẹ àrùn wò ti mú èyí tí wọ́n nílò, torí ìlera yín ló ṣáájú ìwádìí wa. Ẹ lè sọ pé rárá, ìtọ́jú yín kò sì gbọ́dọ̀ yí padà. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé náà wá nígbà tí wọ́n ti ń tì yín wọ tíátà lọ, ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà.