Iye tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré pè kọ́ ni iye tí ẹ máa san

Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdọọdún, fóònù mi kì í sinmi. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà owó ìrànwọ́ máa ń dé láti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, tí àwọn òbí á sì máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ bá wa wò ó, ṣé ó dáa?" Ẹlòmíì á ti jó, á ti yọ̀, kó tó fi ránṣẹ́, torí pé nísàlẹ̀ ìwé náà, níbi tó yẹ kí iye tó kù wà, òdo ni wọ́n kọ.

Ẹ jẹ́ ká jọ wo ọ̀kan. Mo ti yí iye inú rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ni ín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kékeré kan pe owó ọdún kan ní $62,000, owó ẹ̀kọ́, ibùgbé àti oúnjẹ. Wọ́n wá to ìrànwọ́ sábẹ́ rẹ̀: sikọláṣípù ilé-ìwé $30,000, Pell Grant ìjọba àpapọ̀ $3,000, ẹ̀yáwó lórúkọ ọmọ $5,500, iṣẹ́ inú ọgbà $2,500, ẹ̀yáwó lórúkọ òbí tí wọ́n ń pè ní Parent PLUS $21,000. Ó ku òdo.

Òdo wo? Méjì àkọ́kọ́ nìkan ni owó ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ inú ọgbà, ọmọ á kọ́kọ́ wá a, á ṣe é, kó tó máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Owó yẹn kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ máa san owó ilé-ìwé. Ẹ̀yáwó méjèèjì, gbèsè ni. Èlé Parent PLUS fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026 jẹ́ ìdá 8.94 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì ti yọ ohun tó lé ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí owó náà kó tó dé ọwọ́ ilé-ìwé. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2026, òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá a kò lè yá ju $20,000 lọ́dún, àti $65,000 lápapọ̀ lórí ọmọ kan. Nítorí náà, ẹ mú bírò, ẹ yọ $33,000 owó ọ̀fẹ́ yẹn kúrò nínú $62,000. $29,000 ló kù, iye tí wọ́n ń ta ọjà náà fún yín nìyẹn.

Ẹ fi ọdún mẹ́rin ṣe ìṣirò náà, ẹ má fi ọdún kan ṣe é. Bí owó ilé-ìwé bá ń fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún gorí lọ́dọọdún, tí sikọláṣípù sì dúró sójú kan bó ṣe sábà máa ń rí, $29,000 ọdún àkọ́kọ́ á ti sún mọ́ $37,000 lọ́dún kẹrin. Àpapọ̀ rẹ̀ á lé ní $131,000. Òbí tó kàn sọ $29,000 di ìlọ́po mẹ́rin á rò pé $116,000 ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là tó fara pa mọ́ yẹn kì í hàn nínú lẹ́tà kankan.

Nípa sikọláṣípù $30,000 yẹn, kì í ṣe pé ọmọ yín ò gbọ́n o. Àmọ́ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tí kì í ṣe ti olówò máa ń dín owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ débi pé, tí a bá pa gbogbo wọn pọ̀, ohun tí wọ́n ń dín ju ìdajì lọ. Èdínwó ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá san gbogbo iye tí wọ́n pè ló ra ọjà láì ná an.

Àwọn kékeré kan sì wà tó jẹ́ pé olówó ni wọ́n. Berea, ní Kentucky, kò gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún 1892, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà. Williams, ní Massachusetts, ti yọ ẹ̀yáwó àti iṣẹ́ kúrò nínú ìrànwọ́ rẹ̀ láti ọdún 2022, owó ọ̀fẹ́ nìkan ló kù. Fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, owó irú ibẹ̀ lè kéré sí ti yunifásítì ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Wíwọlé síbẹ̀ ni iṣẹ́.

Ní ti èrè rẹ̀, n kì í kọ́kọ́ béèrè owó oṣù àwọn tó jáde. Mo máa ń béèrè pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wọlé, mélòó ló gba ìwé-ẹ̀rí, ní ọdún mélòó? Ẹ ṣọ́ra níbí, torí pé ọdún mẹ́fà ni wọ́n sábà fi ń ka iye tí wọ́n ń gbé síta, bẹ́ẹ̀ owó ọdún mẹ́rin lẹ̀ ń tọ́jú. Lójú tèmi, ẹni tó jẹ gbèsè $20,000 tó sì gba ìwé-ẹ̀rí sàn ju ẹni tó jẹ $10,000 tó wá já sílé lọ́wọ́ òfo. Ibi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré gidi ti ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn: olùkọ́ mọ ọmọ dórúkọ, bí kò bá wá sí kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá a lọ. Ọmọ tó ń tijú lè jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn ńlá fún odindi sáà kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ò yé e.

Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ojú òpó kan, College Scorecard, tó ń fi gbèsè àti owó oṣù àwọn tó jáde hàn, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Àmọ́ àwọn tó gba ìrànwọ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kì í sì í fi ti ẹ̀ka tí èèyàn ibẹ̀ kéré jù hàn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, ẹ̀ka tí ọmọ yín fẹ́ lè má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ pe ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ibi tí àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá wà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni, ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń gbé bí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe yege nínú NCLEX, ìdánwò ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì, jáde.

Ṣé ilé-ìwé náà á ṣì wà títí ọmọ á fi parí? Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mount Ida kógbá sílé ní 2018, Birmingham-Southern ní oṣù karùn-ún 2024. University of the Arts ní Philadelphia kéde ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2024 pé ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ni àwọn máa tì í. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Ìjọba àpapọ̀ máa ń fún ilé-ìwé aládàáni ní máàkì lórí ìnáwó rẹ̀, 3.0 ló ga jù. Bó bá wà lábẹ́ 1.5, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa kó tó di pé ẹ san kọ́bọ̀.

Ìyá tó ni lẹ́tà òkè yẹn kò fẹ́ kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pé kí wọ́n fi kún ìrànwọ́, ó ní ojú ń ti òun. Mo ní kó so lẹ́tà yunifásítì ìpínlẹ̀ tó ti gba ọmọ náà mọ́ tirẹ̀, kó sì sọ iye tí agbára wọn ká ní tààrà. Wọ́n fi $5,000 kún un. A tún kọ̀wé padà, a béèrè bóyá ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ìdáhùn dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kan kó tó di ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún tí wọ́n fẹ́ kó fi owó sílẹ̀: ọdún àkọ́kọ́ nìkan.