Ibi tí orúkọ ìkànnì ti ṣẹ̀ wá

Tí ẹ bá gba ọ̀nà Kubwa jáde ní Abuja, tí ẹ kọjá Zuba àti Madalla, ẹ ó wọ Suleja ní Ìpínlẹ̀ Niger. Suleja yìí gan-an ni Abuja àkọ́kọ́. Abubakar, ọ̀kan nínú àwọn ọba Zazzau tí ogun Fúlàní lé kúrò ní Zaria, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1828. Ó pupa ní àwọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Abu Ja, torí "ja" ni Hausa ń pe pupa. Nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ni ìlú náà fi ń jẹ́ Abuja, títí ìjọba ológun fi ṣe Òfin Nọ́mbà 6 ní oṣù kejì ọdún 1976 láti dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀. Orúkọ Abuja ni wọ́n fẹ́ fún olú-ìlú náà. Ìlú àtijọ́ ló fi orúkọ sílẹ̀. Ó wá ń jẹ́ Suleja, tí wọ́n yọ lára orúkọ Emir Suleiman Barau tó wà lórí oyè nígbà náà.

Iṣẹ́ ìkànnì ni mo ń ṣe ní Wuse 2, ọ̀rọ̀ Suleja sì máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí oníbàárà bá jókòó síwájú mi tí orúkọ ìkànnì tó wù ú, ìyẹn àdírẹ́sì tí ènìyàn ń tẹ̀ láti dé orí ìkànnì, ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìbéèrè wọn kì í yí padà: ta ló pín orúkọ wọ̀nyí, ta ló sì fún un láṣẹ?

Nọ́mbà ló kọ́kọ́ wà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní 1969 lórí ohun tí wọ́n pè ní ARPANET, nọ́mbà ni ẹ̀rọ fi ń mọ ara wọn. Nọ́mbà kò ni ẹ̀rọ lára, àmọ́ ènìyàn kì í lè há a sórí. Wọ́n wá ń sọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, wọ́n sì kó gbogbo orúkọ náà sínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ HOSTS.TXT. Stanford Research Institute ní Menlo Park, California, ni fáìlì ọ̀hún wà, ní ọ́fíìsì tí obìnrin kan, Elizabeth Feinler, jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ kọ̀ǹpútà òun wọ ìwé, ọ́fíìsì yẹn ni yóò pè lórí fóònù tàbí kó kọ̀wé ránṣẹ́ sí. Wọ́n á fi kún fáìlì, gbogbo àwọn yòókù á sì wá da fáìlì náà kọ sórí ẹ̀rọ tiwọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ fóònù yẹn dání. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni orúkọ ìkànnì ti jẹ́ ohun tí ẹnu ń sọ, tí etí ń gbọ́, tí ọwọ́ sì ń kọ sílẹ̀.

Kò sí àdúgbò nínú fáìlì yẹn. Orúkọ lásán ni, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Bí yunifásítì kan bá ti sọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní orúkọ kan, kò sí ẹlòmíràn lórí gbogbo ARPANET tó tún lè jẹ́ ẹ. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pọ̀ sí i, fáìlì ń wúwo, ìkọlura orúkọ ń pọ̀, ọ́fíìsì kan ṣoṣo kò sì lè gbé e mọ́. Jon Postel, ní ilé ìwádìí kan lábẹ́ University of Southern California, gbé iṣẹ́ náà lé Paul Mockapetris lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1983, Mockapetris tẹ ìwé méjì jáde, RFC 882 àti RFC 883 (RFC ni wọ́n ń pe àwọn ìwé tí wọ́n fi ń to ètò íntánẹ́ẹ̀tì), nínú èyí tó ti ṣàlàyé ètò tí a ṣì ń lò dòní. DNS, ìyẹn Domain Name System, ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é.

Ẹ fi ètò náà wé àlejò tó wọ ìlú Yorùbá tí kò mọ ilé tó ń lọ. Kò sí ẹnì kan tó mọ gbogbo ilé tó wà nílùú. Ó bi ẹni tó kọ́kọ́ pàdé, wọ́n ní àdúgbò báyìí ni. Ó dé àdúgbò, wọ́n tọ́ka agboolé sí i. Ó dé agboolé, ọmọdé kan fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń wá orúkọ tó parí sí com.ng. Yóò bi ẹ̀rọ gbòǹgbò pé ta ló ń bójú tó ng. Orúkọ 13 péré ni àwọn ẹ̀rọ gbòǹgbò ní káàkiri ayé, láti a dé m. Ó dé ọ̀dọ̀ ng, wọ́n tọ́ka com.ng, com.ng náà tọ́ka ẹni tó ni orúkọ, ẹni yẹn ló sì máa fún un ní nọ́mbà. Láti ọ̀tún sí òsì ló ń ka orúkọ. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé olórí àdúgbò kan kò ní láti mọ ohun tó ń lọ ní àdúgbò kejì. Ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà tí wọn kò bá sí lábẹ́ òrùlé kan. Bí ìlú bá ní irú ètò yìí ní 1976 ni, Suleja ì bá máa jẹ́ Abuja lábẹ́ Niger, olú-ìlú náà ì bá sì máa jẹ́ Abuja tirẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 1984 ni wọ́n to àwọn òrùlé náà, ìyẹn ohun tí orúkọ ń parí sí, lẹ́sẹẹsẹ nínú RFC 920: com fún ilé-iṣẹ́ òwò, edu fún ilé-ẹ̀kọ́, gov fún ìjọba, mil fún ológun, org fún ẹgbẹ́. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà méjì láti inú ìwé àmì orílẹ̀-èdè tó ti wà nílẹ̀, ISO 3166, ibẹ̀ ni ng tiwa ti wá. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ Symbolics ní Massachusetts gba symbolics.com, orúkọ .com àkọ́kọ́ láyé. Mẹ́fà péré ni .com tí wọ́n gbà títí ọdún yẹn fi parí. Ọ̀fẹ́ sì ni! Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, nígbà tí Network Solutions, ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 100 fún ọdún méjì.

Ọ̀fẹ́ yìí ló bí wàhálà. Ní 1994, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Joshua Quittner rí i pé McDonald's kò tíì gba orúkọ ara rẹ̀. Ó pè wọ́n láti kìlọ̀ fún wọn, kò rí ẹni gidi dá a lóhùn, ó bá fi orúkọ tirẹ̀ gba mcdonalds.com. Kí ó tó dá a padà, McDonald's san dọ́là 3,500 kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Brooklyn lè ní íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò ṣe é torí ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n ta business.com ní dọ́là 150,000 ní 1997. Nígbà tó di 1999, ó di dọ́là mílíọ̀nù méje àbọ̀. Ọdún yẹn náà ni ICANN, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998 láti máa bójú tó orúkọ, gbé òfin ìdájọ́ kalẹ̀ fún ẹni tó bá fi ìwà ibi gba orúkọ oníṣòwò. Ní Nàìjíríà, abala 25 Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti 2015 sọ ọ́ di ẹ̀sùn tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà, tàbí méjèèjì.

Ẹni tó gba orúkọ kò rà á tán o. Yíyá ni, ọdọọdún la sì ń san owó rẹ̀. Ní ìparí 1999, Microsoft gbàgbé láti san ti passport.com, àwọn tó ń lo Hotmail kò sì rí ilẹ̀kùn wọlé mọ́, títí ọ̀gbẹ́ni kan tí kò bá wọn tan fi fi dọ́là 35 bá wọn san án. Èyí tí mo fojú ara mi rí dùn mí ju ìyẹn lọ. Oníbàárà mi kan lò ọdún mẹ́ta lórí orúkọ kan kó tó mọ̀ pé ẹni tó kọ́ ìkànnì náà fún un ló fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á. Ẹni náà rìnrìn àjò, kò gbé fóònù mọ́, orúkọ sì bọ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1995, ọdún mẹ́wàá gééré lẹ́yìn symbolics.com, ni wọ́n fi .ng sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Yaba College of Technology ní Èkó ló wà, lọ́wọ́ Arábìnrin Ibukun Odusote, Randy Bush láti Amẹ́ríkà sì ń ràn án lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 2004 ó bọ́ sọ́wọ́ NITDA, àjọ ìjọba tó wà níbí ní Abuja. Wọ́n dá NiRA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ .ng, sílẹ̀ ní 2005, òun ló sì gba .ng ní 2009. NITDA ló ṣì ń fọwọ́ sí gov.ng, ìdí nìyẹn tí oníṣòwò kankan kò fi lè rà á.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó kan àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Lẹ́tà òyìnbó láti a dé z, nọ́mbà, àti igi ìsopọ̀ (-) nìkan ni wọ́n gbà nínú orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àmì ohùn. Láti 2003 ni ètò kan ti wà tó ń gba lẹ́tà mìíràn, àmọ́ inú ẹ̀rọ ni ó ń sọ ọ́ di gbólóhùn àjèjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, ọ̀pọ̀ oníbàárà ni yóò sì rò pé jìbìtì ni nígbà tí ó bá hàn sí wọn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ihòòhò ni orúkọ wa ń dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Oko, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ di ọ̀kan náà.

Màmá kan tó ń ta aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn ní ọjà Wuse kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Aṣọ ni wọ́n fẹ́ kí orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Mo kọ ọ́ sórí ìwé láìsí àmì, mo fi han ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọjá. Ó bi màmá bóyá ilẹ̀ Asokoro ni wọ́n ń tà.

"Ilẹ̀ kẹ̀?" Màmá wò mí. "Ọmọ mi, aṣọ ni mo ní kí o kọ."

"Aṣọ náà ni mo kọ, Mà. Ní Abuja níbí, àpáta Aso ni wọ́n ń kà á sí."

A gbìyànjú kíjìpá. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ kò sí nínú rẹ̀, ó kúrú, ó dùn lẹ́nu. Mo pe malam tó ń ta bàtà ní ìlà kejì lórí fóònù, mo ní kí ó kọ ohun tó gbọ́. Kijifa ló kọ. Kò jẹ̀bi rárá: kò sí p nínú lẹ́tà Hausa.

Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa aṣọ kan tó wà lórí pẹpẹ, èyí tó ní àwọ̀ ewé gbígbẹ. "Baba aṣọ ńkọ́? Sányán."

Mo tún pe malam. Jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn mi, alábàárù ń pariwo kí a yà fún òun. Sanyan ló kọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò béèrè ohunkóhun. Ó wá ní, "Kamar sanya kaya?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá pé wíwọ aṣọ ni sanya ní èdè Hausa.

"San owó rẹ̀ kíá," ni màmá wí, "orúkọ mi ni kí o fi gbà á, kì í ṣe tìrẹ." A fi Abuja gbè é lẹ́yìn láìsí igi ìsopọ̀, a fi com.ng parí rẹ̀, wọ́n sì ka owó ọdún méjì lé mi lọ́wọ́.