Aboyún Tí Kò Fẹ́ Gba Ẹ̀jẹ̀: Ṣé Kí Wọ́n Fi Oògùn Mú Ìrọbí Wá ni, Tàbí Kí Ó Dúró?

Aboyún kan ń gbé ní Mọ́níyà, ní ìlú Ìbàdàn. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 39, ara rẹ̀ le, ọmọ náà sì ń yí dáadáa nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò ní gba ẹ̀jẹ̀, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Dókítà wọn dábàá pé kí ó wá kí àwọn fi oògùn mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ kí ó wá ní àsìkò rẹ̀, torí ohun tí òun mọ̀ ni pé ìrọbí tí wọ́n fi dríìpù fà máa ń le, ó sì máa ń mú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde. Ìbéèrè tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè ni mo fẹ́ dáhùn. Bóyá ó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tàbí kò yẹ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa níbí; bí ìyá àti ọmọ yóò ṣe padà sílé ní àlàáfíà láìgba ẹ̀jẹ̀ ni.

Kí ló pa kíkọ ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ ìbímọ pọ̀?

Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo lè tó mílílítà 500 sí 700. Bí ọmọ bá ti jáde, tí olóbì sì ya kúrò lára ilé ọmọ, ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á ṣí sílẹ̀, ohun tó sì ń dí wọn ni pé kí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ súnkì kí ó sì fún wọn pa. Bí ó bá ti rẹ ilé ọmọ débi pé kò lè súnkì mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Òun ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Fún obìnrin mìíràn, bí oògùn bá kùnà, àpò ẹ̀jẹ̀ ni dókítà máa gbójú lé. Ẹni tí kò gbà á kò ní ààbò yẹn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Netherlands, lórí àwọn ìyá tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà láti 1983 sí 2006, fi hàn pé ewu ikú tó ń bá wọn nígbà oyún àti ìbímọ tó ìlọ́po mẹ́fà ti àwọn obìnrin yòókù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orílẹ̀-èdè tí ilé ìwòsàn rẹ̀ dára ni. N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí dókítà fi ń ṣọ́ ohun méjì ju gbogbo ohun mìíràn lọ: ìrọbí tó pẹ́ jù, àti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sáré ṣe nígbà tí nǹkan ti dojú rú. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, nínú kí a mú ìrọbí wá àti kí a dúró, èwo ni kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiwa já sí ọ̀kan nínú méjèèjì?

Ṣé òótọ́ ni pé ìrọbí tí wọ́n fi oògùn mú wá máa ń mú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde?

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Oxytocin ni oògùn tí wọ́n ń fi sínú dríìpù láti mú kí ilé ọmọ máa súnkì. Bí dríìpù yìí bá wà lára obìnrin fún ọ̀pọ̀ wákàtí, oògùn náà á mọ́ ilé ọmọ lára, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Oògùn yẹn kan náà sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà. Ẹni tí ìrọbí rẹ̀ gba ọjọ́ méjì lórí dríìpù lè bímọ tán kí ilé ọmọ rẹ̀ má sì fẹ́ súnkì, ohun tí ẹni tó kọ ẹ̀jẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ rárá nìyẹn.

Ìgbà tí èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnu ilé ọmọ ṣì le, tó gùn, tó sì pa dé. Bí ẹnu ilé ọmọ bá ti rọ̀, tó ti kúrú, tó sì ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tún gbà pé ẹni tí wọ́n bá fi oògùn mú ìrọbí rẹ̀ wá, iṣẹ́ abẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 kò fara mọ́ èyí. Àwọn obìnrin tó lé ní 6,000 ni wọ́n wò, oyún àkọ́kọ́ ni ti gbogbo wọn, kò sì sí àìsàn kankan lára wọn. Wọ́n mú ìrọbí apá kan wá ní ọ̀sẹ̀ 39, wọ́n sì ní kí apá kejì máa dúró. Nínú 100 àwọn tí wọ́n fún ní oògùn, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò ju bíi 19 lọ. Nínú 100 àwọn tó dúró, ó jẹ́ bíi 22. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún náà sì dín kù láàárín àwọn tí kò dúró. Ṣùgbọ́n kí a má gbé ìwádìí yìí ju bó ṣe mọ lọ. Ilé ìwòsàn tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó, tó sì ń fún aboyún ní àkókò tó pọ̀ kí wọ́n tó sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́, ni wọ́n ti ṣe é; kì í sì í ṣe àwọn tó kọ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Bí a bá dúró ńkọ́?

Ìrọbí tó bá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń bá ẹnu ilé ọmọ tó ti rọ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ nílò dríìpù. Èrè dídúró nìyẹn, èrè gidi sì ni. Oyún àkọ́kọ́ máa ń kọjá ọ̀sẹ̀ 40 nígbà mìíràn, kì í sì í ṣe àìsàn.

Ṣùgbọ́n dídúró ní ààlà. Bí ọjọ́ ṣe ń gun orí ọjọ́, ọmọ ń tóbi sí i, olóbì ń gbó, ewu pé kí ọmọ kú sínú sì ń ga sí i. Ní Sweden, àwọn olùwádìí fi mímú ìrọbí wá ní ọ̀sẹ̀ 41 wé dídúró títí di ọ̀sẹ̀ 42. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ó tó parí, nítorí ọmọ mẹ́fà ti kú lọ́dọ̀ àwọn tó dúró, tí kò sì sí ìkankan lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí wọ́n mú ìrọbí wá fún ẹni tí oyún rẹ̀ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 41 dájúdájú.

Ohun kan tún wà tí kì í sí nínú ìwádìí, tí mo sì gbà pé ó wúwo ju ìdá ọgọ́rùn-ún yòówù lọ fún ẹni tí kò gba ẹ̀jẹ̀. Ìrọbí tí a dúró dè lè bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru ọjọ́ Sunday, kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín láti Mọ́níyà dé UCH tàbí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, kí ó sì jẹ́ pé dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà kò rí ìwé yín rí. Èyí tí a fi oògùn mú wá ṣeé fi sí àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, kí dókítà àgbà wà nítòsí, kí ẹni tó ń fún èèyàn ní oògùn orun ti mọ̀ nípa rẹ̀, kí gbogbo oògùn sì ti wà lórí tábìlì.

Àwọn ipò kan wà tí dídúró kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́: bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé orí sókè, bí omi bá ti dà tí ìrọbí kò bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ọmọ kò bá yí bó ṣe máa ń yí. Ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí wá ni ìmọ̀ràn fún ìdílé Mọ́níyà yẹn?

Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ dókítà. Èló ni PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀? Báwo ni ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé scan tí wọ́n ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló fi ọ̀sẹ̀ 39 yìí múlẹ̀, àbí ọjọ́ nǹkan oṣù nìkan ni wọ́n fi kà á? Ìbéèrè kẹta yìí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ oyún tí wọ́n ní ó ti pẹ́ jù ni kò tíì pẹ́ rárá.

Bí PCV bá tó 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ẹnu ilé ọmọ sì ti ń rọ̀, èmi yóò fara mọ́ dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pé ṣùgbọ́n tí ẹnu ilé ọmọ le bí ìgbátí òdo, n kò rí ìdí láti sáré ní ọ̀sẹ̀ 39. Kí wọ́n máa yẹ ìyá àti ọmọ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí dókítà tàbí agbẹ̀bí fi ìka ya awọ omi kúrò lára ẹnu ilé ọmọ, èyí tó máa ń dín iye àwọn tí yóò nílò oògùn kù, kí wọ́n má sì kọjá ọ̀sẹ̀ 41. Bí PCV bá jẹ́ 28 tàbí 29, tí nǹkan mìíràn kò sì kánjú, ọjọ́ tó kù yẹn gan-an ni kí wọ́n fi mú kí PCV rẹ̀ ga sí i.

Àwọn tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún rí kò sí nínú ìṣirò yìí. Misoprostol, oògùn kékeré tí wọ́n ń lò láti mú ìrọbí wá, lè mú kí ojú ọgbẹ́ àtijọ́ ya nínú wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fún wọn. Àwọn tó lóyún ìbejì, tí wọ́n pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, àti àwọn tí iju (fibroid) wà nínú ilé ọmọ wọn, ti ní ewu ìsun ẹ̀jẹ̀ tó ga tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n ti bímọ.

Báwo ni a ṣe lè mú kí PCV ga kí ọjọ́ náà tó pé?

Oṣù mélòó kan ṣáájú ló yẹ kí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìdílé tó kọ ẹ̀jẹ̀ ti lè ran ara wọn lọ́wọ́ jù. PCV 33 ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n tó kéré jù tó tẹ́ni lọ́rùn nínú oyún, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní gba ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyẹn tó òun. Mílílítà 1,000 tó dà lára ẹni tí PCV rẹ̀ jẹ́ 38 lè máà ju àárẹ̀ lọ. Lára ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 25, ó lè jẹ́ ikú.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin àti folic acid ni kí ó máa lò lójoojúmọ́. Kí ó má fi tíì mu ún, torí tíì kì í jẹ́ kí irin wọ ara, ṣùgbọ́n omi ọsàn ń ràn án lọ́wọ́. Ibà ń jẹ ẹ̀jẹ̀ run, nítorí náà kí ó máa sun abẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì lo oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún ní ilé ìwòsàn. Bí oògùn ẹnu kò bá gbé e tàbí bí àsìkò bá ti lọ, irin kan wà tí wọ́n ń fi sí ojú iṣan. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ipá rẹ̀ tó hàn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́yìn ìbímọ?

Ìyára ló ń gbani là. Abẹ́rẹ́ oxytocin gbọ́dọ̀ wọlé ní kété tí ọmọ bá jáde, kí wọ́n sì fi ike tó ní ìlà òǹkà wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Kí wọ́n má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, tó jáde ní 2023, fi hàn pé bí wọ́n bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ báyìí tí wọ́n sì ń lo gbogbo oògùn àti ìtọ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le á dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Tranexamic acid wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ kí wọ́n tó fún un. Bí ìwọ̀nyí kò bá ràn án, bàlúùnù wà tí wọ́n ń fẹ́ sínú ilé ọmọ, ìránpọ̀ tí ń fún ilé ọmọ pa sì wà. Fún ẹni tó kọ ẹ̀jẹ̀, dókítà lè yọ ilé ọmọ kúrò ní kíákíá ju bó ṣe máa ṣe fún ẹlòmíràn lọ. Kò dùn ún gbọ́ sétí aboyún tó ń retí ọmọ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó sàn kí tọkọtaya jókòó sọ ọ́ ní báyìí ju kí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọkọ léèrè lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ṣé wọ́n lè fi agídí fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára?

Rárá, bí ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé. Nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, àti pé dókítà tó bọ̀wọ̀ fún ìpinnu náà kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìkókó yàtọ̀: ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà dá dókítà tó fa ẹ̀jẹ̀ sára ọmọ kan láre, bí ìyá ọmọ náà tilẹ̀ kọ̀.

Nítorí náà, kí ohun tí ẹ kọ má ṣe rú ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ kọ àwọn èròjà tí wọ́n ń yọ láti ara ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rí ọkàn yín gbà àti èyí tí kò gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ anti-D tí wọ́n ń fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rhesus negative wà lára wọn. Ẹ kọ bóyá ẹ gbà kí ẹ̀rọ kó ẹ̀jẹ̀ tiyín gan-an padà sí yín lára nígbà iṣẹ́ abẹ. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì ilé ìwòsàn, kí òmíràn wà nínú báàgì ìbímọ, kí ẹ sì bá Ìgbìmọ̀ Alárinà Ilé Ìwòsàn, ìyẹn àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó ń bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú láìgba ẹ̀jẹ̀, sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí wọ́n lè bá dókítà yín pàdé ṣáájú ọjọ́ tí ẹ bá mú.