Ìlò ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ìtọ́jú arúgbó nílé ní Ìbàdàn

Ìlò ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ìtọ́jú arúgbó nílé ni kí á máa fi fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kéékèèké bójú tó ìlera àgbàlagbà tó ń gbé ilé ara rẹ̀ tàbí tó wà lọ́dọ̀ ẹbí. Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ arúgbó ló jẹ́ pé Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun làwọn ọmọ wọn wà. Ọmọ-ọmọ, ìyàwó ilé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ló kù sílé. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀rọ náà sábà máa ń wà.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ọjọ́ ogbó nílùú yìí. Ní 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé iye ẹni tí àrùn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kéré sí ti Indianapolis. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ arúgbó nìkan o. Wọ́n bi ẹni tó ń bá a gbé léèrè pẹ̀lú. Ní 2012 ni ilé ìwòsàn UCH ṣí Chief Tony Anenih Geriatric Centre, ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ BP, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wúlò gan-an nínú ilé, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fara hàn. Arúgbó á kọ́kọ́ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á fẹ̀yìn ti àga, á tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Wọ́n á wá wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, lókè ìgùnpá, kí apá náà sì wà ní ọ̀gangan àyà. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Èyí gan-an ló ṣòro jù: bí àlejò bá wọlé tó kúnlẹ̀ kí Màmá, ta ni yóò ní kí wọ́n má dáhùn? Bí wọ́n bá sì dáhùn, ẹ̀rọ lè gbé iye tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nílé ìwòsàn, bí ó bá ń jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nílé, 135 tàbí 85 ni wọ́n ń wò. Ó sàn kí ọmọ-ọmọ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ju kó fẹnu sọ ọ́ lọ, torí 138 lè di 183 lẹ́nu ẹni tó ń kánjú.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n bébà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì, owó rẹ̀ sì ń ga ìdílé lára.

Bí dókítà bá fi fídíò pe arúgbó, ó lè rí ẹsẹ̀ tó wú tàbí egbò tí kò jinná. Kò lè tẹ ikùn wò. Wọ́n lè ṣètò fóònù kó máa dún lásìkò oògùn, ṣùgbọ́n fóònù ò mọ̀ bóyá oògùn ti wọ ọ̀fun tàbí abẹ́ ìrọ̀rí ló wà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi ohùn ránṣẹ́ ní Yorùbá, bí dátà bá wà tí iná ò sì lọ.

Fóònù yìí kan náà làwọn oníjìbìtì ń pè láti gba nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Òfin ààbò dátà (ìsọfúnni ara ẹni) ti Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, síbẹ̀ fọ́tò Bàbá lórí ibùsùn àìsàn kì í pẹ́ tàn ká orí WhatsApp ẹbí.

Aago ọwọ́ tó ń mọ̀ bí èèyàn bá ṣubú ti wà. Apple fi èyí kún tirẹ̀ ní 2018. Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112. Ṣùgbọ́n ní àwọn agboolé àtijọ́ tí mọ́tò ò lè dé ẹnu ọ̀nà, aládùúgbò ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù onítọ́ọ̀ṣì, wọ́n lè tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ sórí bọ́tìnnì 2, tí arúgbó á kàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ títí ìpè á fi wọlé.