Bí Gíláàsì Ṣe Ń Yọ́ Pọ̀ Nínú Ààrò, àti Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Mú Un Sán

Bí gíláàsì bá sán nínú ààrò, ojú ibi tó ti sán ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò, kó tó dá ààrò lẹ́bi. Kó rọra fi ìka kan etí rẹ̀. Bí etí náà kò bá mú, tó ti ṣe róbótó, tó sì ń dán, ìgbà tí ooru ń gòkè ló ti sán. Ooru tó tẹ̀ lé e ló wá yọ́ etí rẹ̀. Bó bá mú débi tó lè gé ọwọ́, ìgbà tó ń tutù ló sán, tàbí lẹ́yìn tó ti tutù tán. Àyẹ̀wò yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é. Wọ́n á sáré lọ fi wákàtí kún ìtútù, nígbà tó jẹ́ pé ìgòkè ooru ló ba iṣẹ́ jẹ́, ohun kan náà á sì tún ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tún ààrò tàn.

Gíláàsì kò ní ìwọ̀n ooru kan pàtó tó ti ń di omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ló ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí 650°C, ó ti rọ̀ tó láti tẹ̀, kó sì sọ̀kalẹ̀ sínú mọ́ọ̀dì. Láàárín 700 sí 760°C, etí rẹ̀ á ṣe róbótó, èyí tó wà lókè á lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì lè mọ ibi tí ọ̀kan ti ga ju èkejì lọ. Bó bá ti tó nǹkan bí 800°C, gbogbo rẹ̀ á yọ́ pọ̀ di ọ̀kan, ojú rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Gíláàsì iṣẹ́ ọnà tó wọ́pọ̀ ló ni àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí. Gíláàsì fèrèsé ń fẹ́ ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ooru nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́, àkókò náà wà ńbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pẹ́ nínú ooru tó rẹlẹ̀ díẹ̀, ó lè rí bí èyí tó lo àkókò kúkúrú nínú ooru tó ga. Ààrò pàápàá kò rí bákan náà: òmíràn ní wáyà iná lókè, òmíràn ní i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà tó ń hàn lójú kọntírólà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ooru ààrò, ooru ibi tí ohun tó ń wọn ooru wà ló ń sọ, kì í ṣe ti gíláàsì fúnra rẹ̀. Ètò ooru àti àkókò tó ń bọ́ sí i fún ẹnì kan nínú ààrò tirẹ̀ lè ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó bá ra ààrò tuntun, gíláàsì tí kò dùn ún ni kó fi dán an wò ná.

Ohun mìíràn tó máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu ni pé gíláàsì tó ti yọ́ tán ní ìnípọn tó fẹ́ràn, ìyẹn nǹkan bí 6 mm. Ìwúwo rẹ̀ ń fà á kó tẹ́, ojú rẹ̀ sì ń fà á kó kó ara jọ. Ibi tí ìjà náà ti ń dọ́gba nìyẹn. Nítorí náà, bí a bá yọ́ gíláàsì ẹyọ kan tó nípọn ní 3 mm, á súnkì, etí rẹ̀ á nípọn, igun rẹ̀ á wọlé, àárín rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Méjì lórí ara wọn á dúró bí a ṣe gé wọn. Mẹ́ta á ṣàn jáde, àfi tí a bá fi nǹkan dí i yí ká. Ẹnu bí abẹ́rẹ́ tó máa ń yọ létí iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti wá: etí tó ń fà wọlé ti di pẹpẹ tí a gbé gíláàsì lé nínú ààrò mú níbì kan, kò sì jẹ́ kó lọ. Kí a dín ooru kù díẹ̀, tàbí kí a tẹ́ pépà tí iná kì í jó sábẹ́ rẹ̀. Kí a sì fi nǹkan yọ ẹnu abẹ́rẹ́ náà kí ó tó gún èèyàn.

Ọ̀rọ̀ bíbára mu ló tún kù. Ohun tó bá gbóná á wú, bó bá sì tutù á súnkì, ṣùgbọ́n gíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe ń wú tó. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni COE. Èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ààrò sábà máa ń jẹ́ 90 tàbí 96. Ti àwọn tó ń fi iná ẹnu ògùṣọ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 104. Gíláàsì COE 90 tó gùn ní mítà kan máa ń fi 0.009 mm gùn sí i fún 1°C. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká wá fi àwo tó fẹ̀ ní 30 cm wò ó: bí 90 àti 96 bá yọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, láti ibi tí wọ́n ti le ní nǹkan bí 480°C títí wọ́n á fi tutù, ọ̀kan á fẹ́ fi nǹkan bí 0.08 mm súnkì ju èkejì lọ. Ìnípọn irun orí kan ni. Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í nà, kì í sì í jọ̀wọ́. Ìfà náà á wà nínú rẹ̀ títí ọjọ́ tí yóò fi sán, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan lórí tábìlì.

Nọ́ńbà nìkan kò tó gbára lé. Gíláàsì méjì tí nọ́ńbà wọn dọ́gba lè má bára mu, torí bí gíláàsì ṣe ń le bó ṣe ń tutù náà ní ipa tirẹ̀. Ohun tó dáa jù ni èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dán wò pọ̀ mọ́ ìyókù, bí ilé iṣẹ́ Bullseye ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe pẹ̀lú COE 90 tiwọn. Ẹni tó ń lo gíláàsì fèrèsé kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Kó rí i pé ara páálí kan náà ló ti gé gbogbo èyí tó fẹ́ yọ́ pọ̀. Gíláàsì fèrèsé òde òní, orí tánńganran yíyọ́ ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹ, ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ Pilkington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ní 1959. Ẹ̀gbẹ́ tó kan tánńganran yẹn lè ṣú funfun bó bá wọ ààrò. Iná UV, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í rí, máa ń fi hàn: ẹ̀gbẹ́ náà á tàn yẹ́ríyẹ́rí bíi wàrà, èkejì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń dán bíbára mu wò kò le. A ó gé ìrépé kékeré lára àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí gíláàsì tó mọ́ gaara, a ó sì fi ìrépé gíláàsì gaara yẹn náà kún wọn. A ó yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó jẹ́ kó tutù tán pátápátá. Lẹ́yìn náà la ó mú lẹ́ǹsì polarized méjì, irú tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìhà kan ṣoṣo kọjá, a ó yí ọ̀kan lórí èkejì títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní kọjá mọ́, a ó wá ki gíláàsì náà bọ àárín wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ yí ìrépé kan ká, ìfà wà níbẹ̀. Bó bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ìfà náà ṣe pọ̀ tó. Ìrépé gaara yẹn ni ẹlẹ́rìí: bí òun náà bá ní ìmọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a jẹ́ pé ìtútù ni kò dáa, kì í ṣe pé àwọ̀ kò bára mu.

Ibi ìtútù ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù. Láti 800°C wá sílẹ̀ dé nǹkan bí 480°C, kí ààrò máa já bó bá ṣe lè yá. Kò sí ohun tí ìfalẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ bí kò ṣe kó ba ojú gíláàsì jẹ́. Ní nǹkan bí 480°C ni kí gbogbo nǹkan dúró. Ìta gíláàsì máa ń tutù ṣáájú inú rẹ̀. Bí ìta bá le tán nígbà tí inú ṣì gbóná, inú á tún fẹ́ súnkì lẹ́yìn náà, ìta tó ti le kò sì ní gbà fún un. Ìdádúró tí wọ́n ń pè ní annealing yìí ló ń jẹ́ kí inú, ìta, àárín àti etí bá ara wọn dọ́gba, kí ìfà tó wà nílẹ̀ sì tú. Lẹ́yìn rẹ̀ la ó máa fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìyàtọ̀ náà má tún padà wá.

Fún iṣẹ́ COE 90 tó nípọn ní 6 mm, wákàtí kan ní 482°C tó. Lẹ́yìn náà kó máa fi 83°C sọ̀kalẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí dé 427°C, kó wá fi 150°C sọ̀kalẹ̀ ní wákàtí dé 371°C. Èyí tó nípọn ní 12 mm á gba wákàtí méjì, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ á sì jẹ́ 55°C ní wákàtí. Èyí tó nípọn ní 25 mm á gba wákàtí mẹ́rin, kó tó wá máa fi 15°C péré sọ̀kalẹ̀ ní wákàtí. Ẹ wo 12 mm àti 25 mm yẹn: ìnípọn di ìlọ́po méjì, ìsọ̀kalẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin. Iṣẹ́ tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ra, tó ga níhìn-ín tó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, tún burú ju èyí tó tẹ́jú lọ, torí ibi tó fẹ́lẹ́ máa ń sáré tutù ju ibi tó nípọn. Ó sàn kí a mú un tutù bíi pé ó nípọn ní ìlọ́po méjì ibi tó nípọn jù lára rẹ̀. Ní ti ṣíṣí ààrò wò nígbà tó ṣì gbóná, kí oníwàdùwàdù lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ó wá yẹ ká padà sí ojú ibi tó sán, torí ìlà rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ìlà tó gba àárín iṣẹ́ kọjá tààrà, tí etí rẹ̀ ti yọ́, ooru ló sáré gòkè jù. Ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ lẹ́nu, tí etí rẹ̀ mú, ìtútù ni. Èyí tó bá ń tọ ààlà àwọ̀ kan lọ láìyà kúrò, àwọn àwọ̀ méjì náà ni kò bára mu, ìtútù kankan kò sì lè wò ó sàn. Èyí tó sán wẹ́wẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ sì kún fún ẹfun tí wọ́n fi ń kun pẹpẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ pẹpẹ kó tó súnkì.

Èyí tó máa ń sán jù nígbà ìgòkè ni iṣẹ́ tó ń wọ ààrò lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nígbà àkọ́kọ́, gíláàsì 3 mm méjì tó dá dúró ni, wọ́n sì lè fara da kí ooru máa fi 222°C gòkè ní wákàtí. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti di ẹyọ kan tó nípọn ní 6 mm, èyí tó bá sì ní àfikún lórí á nípọn jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lo ètò àkọ́kọ́ fún un ń wá ìjàǹbá.

Àpò afẹ́fẹ́ ńlá tó yọ láti ìsàlẹ̀ wá, afẹ́fẹ́ tàbí omi tó há sábẹ́ gíláàsì ló fà á: pẹpẹ kò gbẹ tán, tàbí ó jin kòtò níbì kan. Èyí tó há sáàárín gíláàsì méjì, ìdádúró ní nǹkan bí 620 sí 677°C fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń lé e jáde, torí gíláàsì òkè ti rọ̀ tó láti tẹ afẹ́fẹ́ jáde nígbà tí etí kò tíì dí. Bí a bá fi ìrépé tínńtín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín wọn, àárín á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Funfun ṣíṣú tó ń bo ojú gíláàsì, tí kò ṣeé nù, kírísítà ni. Láàárín 700°C sí nǹkan bí 800°C ló ń hù, ìdọ̀tí sì ni irúgbìn rẹ̀: ojú ìka, epo ohun tí a fi gé gíláàsì, ẹ̀tù tó kù sétí tí a lọ̀. Fífọ̀ dáadáa, fífi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, àti àìjẹ́ kó pẹ́ ní ìwọ̀n ooru yẹn ló ń dènà rẹ̀. Èyí tó bá ti ṣú, a ó ha ojú rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó ku ẹ̀tù gíláàsì gaara lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó sì tún un yọ́.

Ẹfun tí wọ́n fi ń kun pẹpẹ jẹ́ amọ̀ funfun tó ní àlúmínà. Bó bá ti rí ooru tó ga bíi 800°C lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣe tán láti lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tó kàn. Kí a ha á kúrò, kí a tún pẹpẹ kùn, kó sì gbẹ. Ẹni tó ń ha á kó bo imú rẹ̀, torí ẹ̀tù náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọ̀ kan tún wà tí wọn kì í rẹ́. Ìyeyè tàbí pupa tó ní imí ọjọ́ tàbí selenium, bó bá kan èyí tó ní bàbà, ìlà dúdú á là sáàárín wọn. Àwọn kan ń wá ìlà yẹn fún ẹwà. Pínkì tí wọ́n fi wúrà ṣe lè dà bí aláìláwọ̀ kó tó wọ ààrò, ooru ló ń mú àwọ̀ rẹ̀ jáde.

Bí iṣẹ́ bá ti tẹ́jú, tó kù kó di àwo, mọ́ọ̀dì ló kàn. Mọ́ọ̀dì amọ̀ wà fún kí gíláàsì sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ti irin tí kì í dípẹtà wà fún kí gíláàsì bò ó láti òkè. Kì í ṣe àṣà lásán: irin máa ń súnkì ju gíláàsì lọ, á sì yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ kì í súnkì tó gíláàsì, gíláàsì tó bá bò ó á fún mọ́ ọn títí á fi sán. Ihò kékeré ìsàlẹ̀ mọ́ọ̀dì amọ̀ kò gbọdọ̀ dí, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti sọ̀kalẹ̀ ju èkejì lọ, ó lè jẹ́ pé mọ́ọ̀dì kò dúró déédéé, tàbí pé ẹ̀gbẹ́ kan ààrò gbóná jù. Ooru tó rẹlẹ̀ díẹ̀ tí a fi àkókò kún ló ń jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ bákan náà. Èyí tó bá sì ti wọ́ ṣeé dà padà sórí pẹpẹ, kí a tẹ́ ẹ tì pẹrẹsẹ, kí a tún un ṣe.