Bí Fáìlì Ṣe Di Fọ́ọ̀mù Lójú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì Àbújá mọ ìrìn fáìlì. Mẹ́síńjà á gbé e kúrò ní rẹ́jísìtìrì, ọ̀gá á kọ mínìtì, ìyẹn èrò tàbí àṣẹ rẹ̀, sí i, á fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Fọ́ọ̀mù tí kọ̀ǹpútà ń gbé síwájú òṣìṣẹ́ lónìí pé kó ṣe ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́, irú ọmọ ìyá fáìlì yẹn ni, òkè òkun ni wọ́n kàn ti bí i.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, Kalifóníà, Clarence Ellis àti Gary Nutt wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Officetalk, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ellis yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, lọ́dún 1969, síbẹ̀ a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí Officetalk gbé sójú kọ̀ǹpútà ò ṣàjèjì sí akọ̀wé kankan: àwòrán fọ́ọ̀mù, apẹ̀rẹ̀ ìwé tó wọlé, apẹ̀rẹ̀ ìwé tó ń jáde.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà gbàgbé ènìyàn. Lọ́dún 2002, IBM, Microsoft àti BEA gbé BPEL jáde, èdè tí kọ̀ǹpútà kan fi ń bẹ kọ̀ǹpútà mìíràn níṣẹ́. Kò sí àyè níbẹ̀ fún ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kí owó tó jáde! Ọdún 2005 ni IBM àti SAP wá dá a lábàá pé kí wọ́n fi ènìyàn kún un. Ní January 2011, BPMN 2.0, ìlànà tí wọ́n fi ń ya àwòrán bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ya àpótí iṣẹ́ ènìyàn, ó fi àwòrán ẹni kékeré sí igun rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó yẹ kó wà nínú fọ́ọ̀mù náà, ló bá di pé oníkálukú ń ṣe tirẹ̀. Activiti, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí irú àwòrán iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010, jẹ́ kí ènìyàn kọ àwọn àyè tí òṣìṣẹ́ máa kún sínú àwòrán iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí kó kàn tọ́ka sí fọ́ọ̀mù tó wà níta. Camunda tó yà kúrò lára rẹ̀ lọ́dún 2013 gbé àṣà náà lọ.

Ètò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2021 sí 2025 ní kí fáìlì bébà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wàhálà àwọn tó ń ya fọ́ọ̀mù wà. Wọ́n á fi bọ́tìnì méjì sí i, "Mo gbà" àti "Mi ò gbà", wọ́n á ní ó parí. Ta ló ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ l'Ábújá? Ọ̀gá lè kọ KIV ("keep in view", pé kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ ná), ó lè ní kí wọ́n wá ṣàlàyé, ó lè dá a padà sí ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n so ìwé kan mọ́ ọn. Lójú tèmi, àyè mínìtì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yà, kó sì fẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kọ ṣáájú sì hàn lókè rẹ̀, kí bọ́tìnì tó tẹ̀ lé e.